Bí a ṣe ń lo xv lórí Linux: wíwo, gígé àti fífi àwòrán pamọ́ láìba ojúlówó jẹ́

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti dáhùn wọn mọ́. Ẹnìkan á ní òun tẹ xv sínú tẹ́mínà, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó ṣí, àwòrán yọ, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ẹni kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mí: fọ́tò rẹ̀ tó tóbi tẹ́lẹ̀ ti di kékeré, kò sì mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ síbi kan.

xv ni ètò ìwo-àwòrán tí John Bradley kọ fún àwọn kọ̀ǹpútà Unix tó ń lo X, ìyẹn ètò tó ń ya fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà 3.10a, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ni ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé ṣì ń tọ́ka sí. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ìka kúrò lórí Enter, àwòrán ti yọ. Àbùdá rẹ̀ kan ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: ohun tí ojú yín ń rí nínú fèrèsé rẹ̀ ni yóò kọ sínú fáìlì. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè kẹta wà, ibẹ̀ náà ni n ó ti pẹ́ jù.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Kọ̀ǹpútà tó ní X. Linux àti FreeBSD ní in. Bí tiyín bá ń lo Wayland, arọ́pò X, XWayland tó ń jẹ́ kí ètò X ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ á gbé e. Lórí Mac, ẹ kọ́kọ́ fi XQuartz, X ti Mac, sí i. Lórí Windows 11, ẹ lò ó nínú WSL, Linux inú Windows.
- Mọ́ọ̀sì tó ní bọ́tìnì ọ̀tún tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń lo pátákó ìfọwọ́tẹ̀ ti láptọ́ọ̀pù, ẹ wádìí bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí rẹ̀.
- Ẹ̀dà kejì gbogbo fọ́tò tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, nínú fóldà mìíràn. Mi ò fi èyí ṣeré.
- Owó, bó bá jẹ́ fún ibi iṣẹ́. Ìwé-àṣẹ ẹ̀dà 3.10a ní kí ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ máa lò ó lọ, kó sanwó bó bá wù ú, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́, ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ san dọ́là 25 lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ìwé-àṣẹ tó bá ẹ̀dà tí ẹ gbà wá.

## Fífi xv sínú kọ̀ǹpútà

Ìkìlọ̀ kan ná. Bí ẹ bá wá "xv" nínú àpótí ètò Linux yín, libxv1 àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló máa jáde. Ìyẹn kì í ṣe èyí o. Ti fídíò inú X ni wọ́n, orúkọ ló kàn jọra. Mo ti rí ẹni tó fi mẹ́ta sí i nínú wọn, tó ń retí kí àwòrán yọ.

Ọ̀nà kúkúrú:

1. Slackware: ó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé. Ẹ tẹ xv, ẹ wò ó.
2. Fedora: ẹ tan RPM Fusion ti nonfree, àpótí àwọn ètò tí kò sí nínú ti Fedora fúnra rẹ̀, kí ẹ wá lo `sudo dnf install xv`.
3. Arch: ó wà nínú AUR, àpótí ètò tí àwọn tó ń lo Arch ń kó jọ fúnra wọn.
4. FreeBSD: ẹ lọ sí /usr/ports/graphics/xv, kí ẹ lo `make install clean`.

Ọ̀nà gígùn, fún Debian, Ubuntu àti àwọn tó kù:

Ẹ má lọ gbé xv-3.10a.tar.gz àtijọ́ náà kí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Yóò dúró lójú ọ̀nà, yóò máa ké nípa sys_errlist, nítorí pé bí èdè ìkọ-ètò C ṣe rí lórí Linux nígbà náà kọ́ ló rí báyìí. Bó bá tilẹ̀ gbà, kò ní lè ṣí PNG, torí wọn ò tíì dá PNG sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀dà yẹn jáde. Greg Roelofs ló kó àwọn àtúnṣe ńlá jọ lẹ́yìn náà tó fi PNG kún un. Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ni ojú ewé jasper-software lórí GitHub, ẹ gbà á níbẹ̀.

1. Ẹ kó àwọn irinṣẹ́ jọ:

`sudo apt install build-essential cmake git libx11-dev libxt-dev libjpeg-dev libpng-dev libtiff-dev zlib1g-dev`

2. Ẹ gba kóòdù rẹ̀, kí ẹ sì wọ inú fóldà náà:

`git clone https://github.com/jasper-software/xv.git`
`cd xv`

3. Ẹ ka README kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, tibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

4. Ẹ ṣètò rẹ̀, ẹ kọ́ ọ, ẹ gbé e kalẹ̀:

`cmake -S . -B build -DCMAKE_INSTALL_PREFIX=$HOME/.local`
`cmake --build build`
`cmake --install build`

5. Ẹ wò ó bóyá ~/.local/bin wà nínú PATH yín, ìyẹn àwọn fóldà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ètò. Bí kò bá sí, kọ̀ǹpútà á ṣì máa sọ pé òun kò mọ xv, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ilé.

Bí cmake bá ní òun kò rí nǹkan kan, ẹ ka orúkọ tó dá. Ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àpò tí orúkọ rẹ̀ parí sí -dev ló ṣẹ́kù. Ẹ fi sí i, ẹ pa fóldà build rẹ́, ẹ tún un ṣe.

## Ṣíṣí àwòrán, àti ibi tí bọ́tìnì wà

1. Ẹ wọ inú fóldà tí fọ́tò wà.
2. Ẹ tẹ `xv foto.jpg`. Fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, `xv *.jpg`.
3. Àwòrán á yọ ní ìhòòhò, láìsí bọ́tìnì, láìsí àkójọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.
4. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún mọ́ọ̀sì lórí àwòrán náà. Fèrèsé ìdarí á jáde: àkójọ orúkọ fáìlì ní apá kan, bọ́tìnì ní apá kejì. Ẹ tún tẹ ọ̀tún, á wọlé padà. Bí bọ́tìnì ọ̀tún bá ń yọ yín lẹ́nu, àmì ìbéèrè (?) lórí kíbọ́ọ̀dù ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Bọ́tìnì àárín mọ́ọ̀sì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí àwòrán, yóò sọ ipò píksẹ́lì tí ẹ wà lé àti iye àwọ̀ rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Àwa tó kù kì í lò ó.

Àwọn tó mọ xv dáadáa kì í ṣí fèrèsé ìdarí rárá. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń lò. Àwọn tí mo ń lò lójoojúmọ́ nìyí:

- Space: àwòrán tó kàn. Backspace: èyí tó kọjá.
- Àmì > á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, < á dín in sí ìdajì. Àmì ìdánudúró (.) á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, kọ́mà á yọ ọ́.
- n: ìwọ̀n tó bá dé, bó bá gba ojú kọ̀ǹpútà.
- t: yí i sí ọ̀tún. T ńlá: yí i sí òsì.
- h: yí ọ̀tún sí òsì bíi ti dígí. v: yí òkè sí ìsàlẹ̀.
- i: ìròyìn nípa fáìlì náà, pẹ̀lú iye píksẹ́lì rẹ̀.
- q: ó parí.

Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ohun kan náà níbí. Bí Caps Lock bá wà lórí, gbogbo nǹkan á dojú rú, ẹ ó sì máa rò pé ètò náà ti bàjẹ́.

## Gígé àwòrán

1. Ẹ tẹ bọ́tìnì òsì mọ́lẹ̀ ní igun kan, ẹ fà á dé igun kejì. Àpótí onílà á yọ.
2. Bí kò bá bọ́ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ òsì sí àárín àpótí náà kí ẹ sún un. Bó bá ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ tẹ ìta rẹ̀, á parẹ́, ẹ tún fà.
3. Ẹ tẹ c. Ó gé.
4. Ẹ rí i pé ẹ gé etí ẹnìkan kúrò? Ẹ tẹ u, gbogbo rẹ̀ á padà.

C ńlá ń gé etí tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo kúrò fúnra rẹ̀. Ó wúlò fún ìwé tí ẹ ṣe sìkánì tó ní funfun púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí sìkánà yín bá dọ̀tí, kò ní rí etí kankan tó dọ́gba, kò sì ní gé ohunkóhun. Ẹ nu dígí rẹ̀.

Fún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀, ẹ tẹ e. Fèrèsé tó kún fún ìlà àti bọ́tìnì á ṣí, ẹ̀rù á sì kọ́kọ́ bà yín. Ẹ fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Bí fọ́tò bá ṣú, Brite ni ẹ ó tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá tíì tó, HistEq á tẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká gbogbo ojú àwòrán, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ àwọ̀ ara ènìyàn di nǹkan mìíràn, fún ìwé àti àwòrán dúdú-òun-funfun ni mo fi í sí. Reset ni ọ̀nà àbáyọ.

## Fífi pamọ́: ibi tí fọ́tò ti ń bàjẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ṣe sìkánì fọ́tò ìyá ìyá mi, ojú ewé A4 kan gbáko, píksẹ́lì 2480 sí 3508. Màmá wọ àdìrẹ, wọ́n jókòó lórí àga onígi, àwọn ilà aṣọ náà ṣe kedere débi pé ẹ lè ka àmì tó wà ní etí ìró. Mo fi xv ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366 sí 768. Ó wọ́, mo yí i, mo sì fi pamọ́ sórí orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kọ ọ́ lé fáìlì àtijọ́ lórí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ fọ́tò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé wá yìí?" Àdìrẹ ti di àbàwọ́n búlúù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwòrán náà tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, nítorí náà xv dín in kù kó lè wọlé. Gíga 3508 di nǹkan bíi 768, fífẹ̀ 2480 di bíi 543. Kò sọ fún mi, torí pé kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn dín àwòrán kù láti wò ó. Nígbà tí mo wá ní kó fi pamọ́, 543 sí 768 tó wà níwájú mi ló kọ sínú fáìlì. Nínú píksẹ́lì ogún tí fọ́tò náà ní, kò ṣẹ́kù ju ẹyọ kan lọ.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é kó má ba tiyín jẹ́:

1. Ẹ tẹ Ctrl-s. Fèrèsé ìfipamọ́ á ṣí.
2. Ẹ wá àpótí kékeré tí wọ́n kọ Normal Size sí, kí ẹ fi àmì sí i. Èyí ló ń sọ fún xv pé kó fi ìwọ̀n ojúlówó kọ ọ́, láìka bó ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà sí. Bí ẹ bá ti gé àwòrán, ibi tí ẹ gé náà ló máa kọ, ní ìwọ̀n rẹ̀ tó péye. Yíyí tí ẹ yí i àti àwọ̀ tí ẹ tún ṣe á wà níbẹ̀ pẹ̀lú.
3. Ẹ wo àpótí kejì, Selected Area. Bí àmì bá wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹ fi ìlà yí ká nìkan ló máa wọ fáìlì. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ àmì náà.
4. Ẹ yan irú fáìlì: JPEG, PNG, TIFF, èyí tó bá wù yín.
5. Ẹ wo Colors. Full Color ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún fọ́tò.
6. Ẹ yí orúkọ padà. foto-gige.jpg, foto2.jpg, ohunkóhun tí kì í ṣe foto.jpg.
7. Ẹ tẹ Ok. Bó bá jẹ́ JPEG, fèrèsé kékeré mìíràn á béèrè ìwọ̀n dídára. 75 ló máa ń wà níbẹ̀. Fún fọ́tò ìdílé, mo ń gbé e sí 90 tàbí 95.
8. Ẹ padà sí tẹ́mínà, ẹ tẹ `file foto-gige.jpg`, ẹ ka iye píksẹ́lì tó kọ. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni.

Bí ẹ bá ń gbàgbé Normal Size lójoojúmọ́ bíi tèmi, ẹ má rò pé títẹ n kí ẹ tó tẹ Ctrl-s á gbà yín. Bí àwòrán bá tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, n náà á dín in kù kó lè wọlé, nítorí náà àpótí Normal Size ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tó wà lórí server (kọ̀ǹpútà ńlá tí ẹ ń wọ̀ láti ọ̀nà jíjìn) àtijọ́ tàbí kọ̀ǹpútà tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju 256 lọ, ẹ ní wàhálà kan sí i. xv lè wà ní ipò 8-bit, àwọ̀ 256 náà ni yóò sì kọ sínú fáìlì. Alt-8 ló ń yí i padà sí 24-bit. Àmì rẹ̀ ni pé ojú ọ̀run inú fọ́tò á di ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn.

### Nígbà tí ẹ fẹ́ kó kéré lóòótọ́

Pọ́tálì kan ní kí fọ́tò ìdánimọ̀ yín má ju 50 KB lọ. Níbí, àbùdá tó ba tèmi jẹ́ yẹn á di ọ̀rẹ́ yín.

1. Ẹ gé orí àti èjìká jáde, ẹ tẹ c.
2. Ẹ tẹ S ńlá. Yóò béèrè ìwọ̀n tuntun. Ẹ lè kọ 300 x 400, tàbí 25%.
3. Ẹ tẹ s kékeré. Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn ń fò. Bí xv ṣe ń dín àwòrán kù tẹ́lẹ̀ ni pé ó ń ju píksẹ́lì nù, ojú á wá rí págunpàgun, irun á dà bí wáyà. s á da àwọn tó wà nítòsí ara wọn pọ̀, á sì dán.
4. Ctrl-s. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ yọ àmì Normal Size.
5. JPEG, 75, orúkọ tuntun.
6. `ls -lh` á sọ ìwọ̀n fáìlì. Bó bá ṣì ju 50 lọ, ẹ tún un fi pamọ́ ní 60.

Bí ẹ bá fi mọ́ọ̀sì fa etí fèrèsé dípò kí ẹ tẹ S, ojú yín á gùn tàbí kó fẹ̀. Lẹ́tà a kékeré ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ.

## Fóldà tó kún fún àwòrán

Ctrl-v á ṣí ohun tí Bradley pè ní Visual Schnauzer, orúkọ irú ajá kan. Yóò tò àwọn àwòrán kéékèèké inú fóldà síwájú yín, ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó ń ṣẹ̀dá fóldà tó fara pamọ́, .xvpics, sínú gbogbo fóldà tó bá ti ṣe àwòrán kéékèèké fún. Ẹ kó wọn nù báyìí:

`find ~/Pictures -type d -name .xvpics -prune -exec rm -r {} +`

Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìfi -exec àti ohun tó tẹ̀lé e sí i, kí ẹ rí ohun tó fẹ́ parẹ́.

Ctrl-d ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Yóò béèrè bóyá kó yọ orúkọ kúrò nínú àkójọ, tàbí kó pa fáìlì fúnra rẹ̀ rẹ́ lórí dísìkì. Àwọn bọ́tìnì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tí wọ́n kọ Disk sí kò mọ ibi ìdalẹ̀nù kankan, ó lọ nìyẹn.

Fún ẹni tó fẹ́ kí àwòrán máa yí fúnra wọn níbi ayẹyẹ: `xv -max -wait 5 -wloop *.jpg`. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Bí -max bá ń na ojú àwọn ènìyàn, ẹ fi -maxpect rọ́pò rẹ̀.

## Wíwo àwòrán tó wà lórí server

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń pàdé xv nìyí. Iṣẹ́ ìṣirò yín wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ìlú mìíràn, ẹ fẹ́ wo àwòrán tó ti inú rẹ̀ jáde.

1. `ssh -X oruko@server`. Èyí ló ń wọ server, -X á sì gbé fèrèsé rẹ̀ wá sójú kọ̀ǹpútà yín.
2. `echo $DISPLAY`. Ó yẹ kó dáhùn ohun tó jọ localhost:10.0. Bó bá dákẹ́, ẹ má tíì tẹ xv.
3. `xv abajade.tif`

Bó bá ní òun kò lè ṣí display, ẹ wo mẹ́ta yìí lẹ́sẹẹsẹ: ṣé ẹ fi -X sí i, ṣé kọ̀ǹpútà tiyín ní X tó ń ṣiṣẹ́, ṣé server ní xauth, tí X11Forwarding rẹ̀ sì wà ní yes. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ṣàkóso server ló lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ dátà wá ńkọ́? Àwòrán tí fáìlì rẹ̀ kò ju 800 KB lọ kì í rìn gba ojú ọ̀nà X ní 800 KB. xv ti tú u sílẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Bó bá kún ojú láptọ́ọ̀pù 1366 sí 768, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì mẹ́rin, ó ti lé ní 4 MB. Ẹ tẹ > tàbí <, òmíràn tún ń bọ̀. Lórí móódẹ́mù tí ẹ ń ra dátà sí, ẹ ó mọ̀ ọ́n lápò. `ssh -XC` á fún un pọ̀ díẹ̀. Èmi kì í ṣe wàhálà náà mọ́, mo ń kọ́kọ́ gbé fáìlì wá sórí kọ̀ǹpútà mi:

`scp oruko@server:abajade.tif .`
`xv abajade.tif`

## Fífi àwòrán sí ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà

`xv -root -quit -max foto.jpg`

Ẹ fi `-rmode 5` rọ́pò `-max` bí ẹ bá fẹ́ kó wà láàárín pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́. `xv -clear` á nù ún kúrò.

Lórí i3, Openbox, fvwm àti irú àwọn olùdarí fèrèsé kéékèèké bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí GNOME àti KDE, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní ké, ẹ kò sì ní rí ohunkóhun. Àwòrán náà wà níbẹ̀ o, GNOME ló tẹ́ aṣọ tirẹ̀ lé e lórí. Ẹ lo ibi ìṣètò GNOME, kí ẹ fi xv sílẹ̀.

## Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹ ó ṣe

PNG kò ṣí, ó ní òun kò mọ irú fáìlì náà. Ẹ̀dà àtijọ́ ni, tàbí libpng-dev kò sí nígbà tí ẹ kọ́ ọ. Ẹ fi sí i, ẹ tún un kọ́.

PDF tàbí PostScript kò ṣí. Ghostscript ni xv ń rán níṣẹ́ náà. Ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kọ́ xv. Ká sòótọ́, ohun mìíràn ni kí ẹ fi ka PDF.

Fọ́tò fóònù dùbúlẹ̀. Fóònù kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí ẹni tó ń wò ó yí i, xv àtijọ́ kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ t tàbí T.

Ọ̀rọ̀ inú fèrèsé kéré jù lórí ojú kọ̀ǹpútà tó dán gan-an. Wọ́n ti ya bọ́tìnì wọ̀nyí fún ojú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn. Ẹ kọ́ lẹ́tà inú kíbọ́ọ̀dù, ẹ kò ní nílò wọn.

Ẹnìkan tí n kò mọ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má fi xv 3.10a ṣí i. Ní ọdún 2004, wọ́n rí ihò nínú bó ṣe ń ka BMP àti PCX, tí fáìlì burúkú lè gbà wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú lónìí sàn ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, àwòrán tí mo mọ orísun rẹ̀ ni mo ń fi xv wò.

## Bí xv kò bá bá yín lára mu

- feh: òun ló sún mọ́ xv jù nínú ìmọ́lára, ó wà nínú àpótí ètò ọ̀pọ̀ Linux. `feh --bg-fill foto.jpg` ló ń ṣe iṣẹ́ -root. Kò ní ibi ìtún-àwọ̀-ṣe.
- nsxiv: kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ jù, àwòrán kéékèèké rẹ̀ yá ju ti Schnauzer lọ.
- imv: fún ẹni tó wà lórí Wayland tí kò fẹ́ XWayland.
- Geeqie: fún ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tó sì fẹ́ tò wọ́n.
- ImageMagick: bí gígé àti dídínkù nìkan ni iṣẹ́ yín. `convert foto.jpg -resize 300x400 -quality 75 kekere.jpg` á kọ fáìlì tuntun, kò ní fọwọ́ kan èyí tó wà. Ẹ ṣọ́ra fún mogrify, ọmọ ìyá rẹ̀, òun ń kọ lé orí fáìlì àtijọ́ láìbèèrè rárá. xv tiẹ̀ kọ́kọ́ bi mí.